Ká Tó Wo Òrìṣà, Ká Wo Ilẹ̀: Ìtàn àti Àyíká Káúńtì Beaufort Nínú Fíìmù Daughters of the Dust

Àṣamọ̀

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ fa ojú àwa olùkọ́ Yorùbá mọ́ra nínú fíìmù Daughters of the Dust, tí Julie Dash kọ tí ó sì darí ní ọdún 1991, ni òrìṣà. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ilẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. A fi ìtàn àti àyíká Káúńtì Beaufort ní ìpínlẹ̀ South Carolina, níbi tí wọ́n ti ya fíìmù náà, ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. A rí i pé fíìmù náà mọ omi, iyanrìn àti ibojì dáadáa, ṣùgbọ́n kò sọ bí ilẹ̀ náà ṣe di ti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Àlàfo yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ìdí tí ilẹ̀ náà fi ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn lóde òní wà.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí fún lámèyítọ́. Iṣẹ́ ọnà tí a bá fà yọ kúrò lórí ilẹ̀ tó hù ú, orúkọ tó bá wù wá ni a ó máa pè é.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi fíìmù yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì lítíréṣọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ láti ṣàlàyé Ọbàtálá, Yemọja àti Ògún fún wọn. Nígbà tí fíìmù parí, ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ènìyàn yìí ń lọ. Ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń fi sílẹ̀?" N kò ní ìdáhùn tó yanjú lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ wò ó. Ohun tí mo lọ wò ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lónìí.

Tíọ́rì ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ ni a gùn lé. Tíọ́rì yìí gbà pé òǹkọ̀wé kì í dá wà; àwùjọ ni ó ti ń bu omi mu, ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wo àwùjọ náà kí a tó dá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n a fi ohun kan kún un: àwùjọ pàápàá, orí ilẹ̀ kan ló dúró sí.

Ìtàn inú fíìmù náà ní sókí

Ọdún 1902 ni ìtàn náà wáyé. Ẹbí Peazant kóra jọ sí etíkun erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Ibo Landing láti jẹun ìdágbére, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì gba apá àríwá Amẹ́ríkà lọ. Nana Peazant, ìyá àgbà ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, kò lọ ibì kankan. Viola, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ti di ajíhìnrere, ti ìlú ńlá dé pẹ̀lú ayàwòrán kan. Yellow Mary náà ti òde ayé padà wálé. Haagar, ìyàwó ilé, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá mọ́. Ìlọsíwájú ló ń wá. Eli ń bínú, nítorí pé òyìnbó kan fipá bá Eula ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀, kò sì mọ ẹni tó ni oyún inú rẹ̀. Ọmọ tí a kò tíì bí yìí gan-an wà lára àwọn tó ń sọ ìtàn náà fún wa.

Ní òpin, ọkọ̀ gbé àwọn kan lọ. Nana, Eli, Eula àti Yellow Mary dúró. Iona, ọmọ Haagar, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gun ẹṣin tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yà Cherokee tó fẹ́ràn rẹ̀.

Káúńtì Beaufort: omi, àbàtà àti erékùṣù

Káúńtì ni ìpín ìṣàkóso tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó jọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Igun gúúsù ìpínlẹ̀ South Carolina, létí òkun Àtìláńtíìkì, ni Beaufort wà. Olú-ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Beaufort bákan náà ti wà láti 1711. "Byúfọ̀ọ̀tì" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ẹni tó bá pè é bí àwọn Faransé ṣe ń pè é, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni.

Omi ló gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Odò Combahee wà ní ààlà rẹ̀ ní àríwá. Odò Coosaw àti odò Broad gba àárín rẹ̀ kọjá. Láàárín àwọn omi yìí ni erékùṣù wà lọ́kan-ò-jọ̀kan: Port Royal, Lady's Island, St. Helena, Hunting Island, Parris Island, Hilton Head, Daufuskie. Àbàtà omi iyọ̀ tí koríko gíga bò ló yí wọn ká. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi òkun ń kún tí ó sì ń fà, ìyàtọ̀ kíkún àti fífà rẹ̀ sì lé ní mítà méjì. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà ní òwúrọ̀ lè di ẹrẹ̀ ní ọ̀sán.

Àyíká yìí ni ó kọ ìtàn àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn létí Combahee. Òwú olókùn gígùn, tó wọ́n ju òwú lásán lọ, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ní àwọn erékùṣù láti nǹkan bí 1790. Àwọn ẹrú láti Áfíríkà ló ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1860, wọ́n lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ènìyàn Beaufort. Ẹ̀fọn àti ibà kì í jẹ́ kí àwọn olóko aláwọ̀ funfun gbé inú oko nígbà ooru. Wọ́n á sá lọ sí ìgboro. Àwọn adúláwọ̀ nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn gbé fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Ìdí nìyí tí èdè Gullah fi hù níbẹ̀ tí kò sì kú. Ẹ̀fọn wà lára àwọn tó tọ́jú èdè náà, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́.

Bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ẹrú àná

Ibí yìí ni ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ mi wà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, 1861, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kò tíì pé ọdún kan, ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ Port Royal. Ìbọn ńlá dún, àwọn olóko sì sá fi oko, ilé àti nǹkan bí 10,000 ẹrú sílẹ̀. Àwọn ẹrú náà kò tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùkọ́ dé láti àríwá. Laura Towne dá ilé-ìwé Penn sílẹ̀ ní St. Helena ní 1862. Ní ọdún yẹn kan náà, Robert Smalls, ẹrú tí wọ́n bí ní Beaufort ní 1839, gba ọkọ̀ ogun Planter lọ́wọ́ àwọn olówó ẹrú ní Charleston, ó sì wà á lọ bá ìjọba àpapọ̀.

Ọ̀nà méjì ni ilẹ̀ gbà dé ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ìyàtọ̀ àárín ọ̀nà méjèèjì sì ṣe pàtàkì. Èyí tí ayé mọ̀ ni àṣẹ ọ̀gágun Sherman, ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní, 1865, tó ní kí wọ́n pín ilẹ̀ etíkun fún àwọn tó ti dòmìnira, ogójì éékà fún ìdílé kan. Kí ọdún náà tó parí, ààrẹ Andrew Johnson ti ń dá ilẹ̀ yẹn padà fún àwọn olóko. Èyí tí ayé kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni òfin owó orí ti 1862. Olóko tó sá lọ kò san owó orí ilẹ̀ rẹ̀. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e, ó sì tà á. Láti 1863 ni àwọn ẹrú àná ti ń fi owó tí wọ́n rí lára òwú ra ilẹ̀ kéékèèké, dọ́là kan àbọ̀ lórí éékà kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ilẹ̀ tí wọ́n fi owó rà lábẹ́ òfin yìí, Johnson kò lè fi àṣẹ gbà á. Ìdí nìyí tí St. Helena fi di erékùṣù àwọn adúláwọ̀ onílẹ̀ nígbà tí àwọn arákùnrin wọn níbòmíràn padà di alágbàro. Smalls pàápàá ra ilé ọ̀gá rẹ̀ àná nílùú Beaufort, ó sì lọ ṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Ní oṣù Kẹjọ, 1893, ìjì líle fẹ́ omi òkun wọ erékùṣù wọ̀nyí, nǹkan bí 2,000 ènìyàn sì kú. Ní 1895, òfin ìpínlẹ̀ tuntun gba ìbò lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀. Smalls wà ní ìpàdé náà, ó tako ó, kò rí i dá dúró. Nítorí náà, ní 1902 tí ẹbí Peazant ń di ẹrù, ìbò ti lọ, ìjì ti jà. Ilẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Ohun tí fíìmù náà ṣe dáadáa

Fíìmù náà kò dárúkọ Káúńtì Beaufort. Erékùṣù àròsọ ni Ibo Landing. Ṣùgbọ́n St. Helena àti Hunting Island ni wọ́n ti yà á, nítorí náà omi Beaufort, iyanrìn Beaufort àti igi Beaufort ni a ń wò. Arthur Jafa tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kò fi àyíká ṣe aṣọ títa lásán. Ó jẹ́ kí a rí i bí ọ̀nà ṣe jìn láàárín ilé àti etíkun, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ aṣọ funfun àwọn obìnrin náà. Ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn fi ń wọlé, òun náà ni wọ́n fi ń jáde. Ní 1902, kò sí afárá tó so St. Helena mọ́ ìlú Beaufort. Ẹni tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ìdí tí oúnjẹ ọjọ́ kan fi lè gbé ìtàn odindi fíìmù ró nìyẹn.

Ohun kejì ni ọwọ́ Nana. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró. Onítàn lè ta ko èyí. Eliza Lucas Pinckney àti àwọn ẹrú ló mú ọ̀gbìn ẹlú gbilẹ̀ ní South Carolina láàárín 1740 sí 1750. Owó ìrànwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e ró, nígbà tí Amẹ́ríkà sì gba òmìnira, òwò náà wó lulẹ̀. Bí Nana bá jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ní 1902, a jẹ́ pé nǹkan bí 1814 ni wọ́n bí i. Òwú ló yẹ kí ó ti bá lóko, kì í ṣe ẹlú. Síbẹ̀, n kò ka èyí sí àṣìṣe. Òwú kì í fi àwọ̀ sílẹ̀ lára. Dash nílò àpá tí ojú lè rí, tí kì í sì í ṣe àpá pàṣán tí fíìmù gbogbo ti lò. Aró ni ó yàn, ó sì bá a mu, nítorí pé iṣẹ́ ni ó fi àpá sí Nana lára, iṣẹ́ náà sì ni ilẹ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibojì. Nana lọ jókòó sí ibojì ọkọ rẹ̀, ó tún ibẹ̀ ṣe, ó sì kìlọ̀ fún Eli pé ọwọ́ àwọn tó wà láàyè ni ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú òkú wà. Nínú gbogbo fíìmù náà, ibí yìí ló ti súnmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ jù lọ. Òkú tí a sin jẹ́ ẹ̀rí pé a ti ń gbé ibẹ̀.

Ohun tí ó yí padà, àti ohun tí kò sọ

Àwọn ìtàn tí Dash kó jọ sí erékùṣù kan ṣoṣo yìí kì í ṣe ti káúńtì kan. Ìtàn àwọn Igbo tí wọ́n rin wọnú omi dípò kí wọ́n di ẹrú wáyé ní 1803 ní Dunbar Creek, erékùṣù St. Simons, Káúńtì Glynn, ìpínlẹ̀ Georgia. Bilal, Mùsùlùmí tí a rí tó ń kírun létí omi, rán wa létí Bilali ti erékùṣù Sapelo, Káúńtì McIntosh, ní Georgia bákan náà, ọmọ Fúlàní láti Futa Jallon tí ìwé Lárúbáwá tó kọ ṣì wà títí dòní. Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti kó ìtàn jọ. Àwa olùkọ́ ni kò ní ẹ̀tọ́ láti fi fíìmù náà kọ́ ọmọ bí ìwé àwòrán ilẹ̀.

Àléébù gidi wà níbòmíràn. Fíìmù náà kò sọ fún wa pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ fi owó ra ilẹ̀. A rí ìgò tí wọ́n so mọ́ igi, tí Eli fi ìbínú fọ́. A rí irun ìyá Nana tó fi sínú àpò kékeré. A kò rí ìwé ilẹ̀ kankan. A kò rí ìjì 1893, a kò sì gbọ́ bí ìbò ṣe bọ́. Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé ọkàn nìkan ló so Nana mọ́ erékùṣù, tí ó sì jẹ́ pé ojúkòkòrò ọ̀làjú nìkan ló ń lé Haagar lọ. Èyí kò tọ́ sí Haagar. Obìnrin tó rí ìjì tó pa 2,000 ènìyàn, tó sì rí bí wọ́n ṣe gba ìbò lọ́wọ́ ọkùnrin, tó bá ní òun fẹ́ lọ, ó ní ìdí. Kò tọ́ sí Nana náà, nítorí pé ó sọ ọ́ di ìyá àgbà elégbòogi lásán nígbà tí ó yẹ kí a tún rí i bí onílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà

Nínú ìwé tí Dash ṣe jáde ní 1992 lórí bí fíìmù náà ṣe di ṣíṣe, ó jẹ́ ká mọ̀ pé òun fi àwọn ẹ̀dá-ìtàn òun wé òrìṣà: Nana bí Ọbàtálá, Yellow Mary bí Yemọja, Eli bí Ògún. Inú wa dùn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo erékùṣù náà ní ti wa. Ṣùgbọ́n ìtàn kò fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ Kóńgò àti Àǹgólà, Senegáńbíà, àti etíkun Sàró níbi tí wọ́n ti mọ ìrẹsì gbìn, ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó wá sí South Carolina ti wá. Àwọn tó wá láti apá ọ̀dọ̀ wa kéré. Lóòótọ́, Lorenzo Dow Turner rí orúkọ tó jọ ti Yorùbá nínú ìwé rẹ̀ lórí Gullah ní 1949, ṣùgbọ́n orúkọ àti orin tó ti ọ̀dọ̀ Mende àti Vai wá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, odindi orin kan ní èdè Mende sì wà lára wọn.

Ọ̀nà tí òrìṣà gbà dé Beaufort ní tààrà yàtọ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Detroit ní 1928, Walter Eugene King, lọ ṣe òrìṣà ní Matanzas ní Kúbà ní 1959. Ní 1970, ó dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ nítòsí Sheldon, nínú Káúńtì Beaufort kan náà. Òun ni Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi Kìíní, tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé fún ní oyè ní Ifẹ̀ ní 1981. Kúbà àti New York ni Yorùbá gbà wọ káúńtì náà, nígbà tí afárá ti wà, kì í ṣe nínú ọkọ̀ ẹrú ìgbà Nana. Ẹni tó bá rí Ọya nínú Eula kò ṣìnà, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ojú ọ̀rúndún ogún ni Dash fi wo 1902.

Àwọn tó wọ ọkọ̀

Mo wá padà sí ìgbẹ̀yìn fíìmù náà. Ọkọ̀ ń lọ. Àwọn tó dúró ń wò ó. Gbogbo ẹni tó bá wo ìran yìí ló ń rò pé àwọn tó lọ pàdánù ilẹ̀, àwọn tó dúró sì ni ín. Òfin ìpínlẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí onílẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo àwọn àrólé rẹ̀ ló jọ ni ilẹ̀ náà, ẹni tó wà nílé àti ẹni tó wà ní Philadelphia. Ọ̀pọ̀ àwọn adúláwọ̀ onílẹ̀ St. Helena àti Hilton Head ni kò ṣe ìwé ìhágún. Wọn kò sì fọkàn tán agbẹjọ́rò aláwọ̀ funfun. Ìran mẹ́ta, mẹ́rin kọjá, éékà mẹ́wàá di ti ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Àwa tí a mọ ilẹ̀ ẹbí kò nílò àlàyé gígùn.

Ní 1956, wọ́n ṣe afárá dé Hilton Head. Hòtẹ́ẹ̀lì àti pápá gọ́ọ̀fù tẹ̀ lé e, iye ilẹ̀ gòkè, owó orí ilẹ̀ gòkè pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ ẹbí kan kò nílò láti bá gbogbo ẹbí sọ̀rọ̀. Ó tó kí ó wá ọmọ-ọmọ kan tó wà ní àríwá, tí kò fẹsẹ̀ tẹ erékùṣù rí, kí ó ra ìpín tirẹ̀, kí ó sì lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ náà kí oníkálukú gba owó tirẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi owó òwú rà ṣe bọ́. Káúńtì náà ṣe òfin ní 1999 tí kò gba pápá gọ́ọ̀fù àti àdúgbò onígéètì láyè ní St. Helena, ìpínlẹ̀ náà sì ṣe òfin ní 2016 tó fún àwọn mọ̀lẹ́bí ní àǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tó fẹ́ tà. Àtúnṣe ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ dé.

Bí a bá mọ èyí, ìran ìgbẹ̀yìn náà yí padà lójú wa. Olúkúlùkù ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yẹn mú ìpín kan lára erékùṣù lọ, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Nígbà tí Nana di irun ìyá rẹ̀ mọ́ Bíbélì tí ó sì ní kí wọ́n fẹnu kò ó kí wọ́n tó lọ, ó ń so wọ́n mọ́ ara wọn kí wọ́n má baà túká. Mo gbà pé ọgbọ́n àgbà ni ìyẹn: ẹbí tó bá ṣì mọ ara rẹ̀ ni àjèjì kì í rí ìpín rà níbẹ̀. Fíìmù náà sọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìdajì kejì wà nínú ìwé ilẹ̀ Káúńtì Beaufort.

Ìgúnlẹ̀

Daughters of the Dust jẹ́ iṣẹ́ ọnà tó dára, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni yé fi kọ́ ọmọ. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi kọ́ni gbé àwòrán ilẹ̀ Beaufort dání kí ó tó gbé ìwé òrìṣà. Kí ó fi odò Combahee hàn wọ́n, kí ó fi St. Helena hàn wọ́n, kí ó sọ ọ̀rọ̀ 1861, 1863, 1893 àti 1895. Kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ Igbo mọ̀ pé ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀ wà níbẹ̀, kí Mùsùlùmí rí Bilal, kí ọmọ Yorùbá sì mọ ibi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí kò dé.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bi mí pé ta ló ni ilẹ̀, ó ti jáde ilé-ìwé kí n tó rí ìdáhùn. Bí ó bá ka èyí: àwọn tó dúró ló ni ín, àwọn tó lọ náà ló ni ín. Ibẹ̀ gan-an ni ìjàngbọ̀n ti wọlé.